Ìwé Tó Ń Sinmi

Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Ìyá Gọ́ọ̀mù, kò sì bínú sí i rí. Kí ló fẹ́ bínú sí? Ẹni tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ìka rẹ̀ láti ọdún gbọ́ọrọ, tó jẹ́ pé bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á máa ṣí i kúrò lára èékánná bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, orúkọ wo ló tún kù tó yẹ kó máa jẹ́? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ìwé tó ti ya ṣe ní ilé ìkàwé ìlú. Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà o. Ìwé tí ọmọ iléèwé fi ṣe ìrọ̀rí, èyí tí ẹnì kan fi dé ife tíì, èyí tí òjò pa mọ́ oníwèé lórí, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá bá a. Á tú wọn palẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn wọn, á fi gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè lẹ̀ wọ́n, á wá kì wọ́n bọ inú irin ńlá kan tó ní ọwọ́ rọ̀bọ̀tọ̀ bíi sítíárìn ọkọ̀, kó lè fún wọn pọ̀. Bó bá ti yí ọwọ́ irin náà tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan, á ní: "Ó yá, máa sinmi."

Òfin kan wà nínú yàrá yẹn tó le ju ti ìjọba lọ. Ìwé tó bá ti wọ inú irin, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú un jáde kó tó gbẹ. Bàbá arúgbó tó kọ́ Ìyá Gọ́ọ̀mù níṣẹ́ ló fi í lélẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ṣí ìwé tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán, bó bá sì kán lẹ́ẹ̀kejì, kò sí àtúnṣe mọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá bèèrè ìwé tó wà lọ́dọ̀ Ìyá Gọ́ọ̀mù, èsì kan ṣoṣo ló máa gbọ́: "Ó ń sinmi." Kò sí ti pé ta ni ẹ́, kò sí ti pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí Ọ̀gá, obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ìkàwé, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ránṣẹ́ wá gba ìwé kan fún àlejò pàtàkì. Wọ́n ní ó ń sinmi. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Ìyá, èmi ni mo fẹ́ ẹ o."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá. Ó ń sinmi."

Ọ̀gá wo irin, ó wo Ìyá Gọ́ọ̀mù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì padà sókè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti gbogbo ilé. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn láràárọ̀, tiẹ̀ sọ pé òun ti ń lò ó nílé: bí ìyàwó òun bá ti ní kí òun wá fọ abọ́, òun á ní òun ń sinmi. Ìyá Gọ́ọ̀mù bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

"Lọ́dọ̀ ìyàwó tèmi?" Bàbá ní. "Irin gan-an ni yóò fi fún mi!"

Nínú gbogbo ìwé ilé náà, pẹpẹ kan wà tí Ìyá Gọ́ọ̀mù fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà ló máa ń bá a jà. Ìwé nípa ibi ìsádi ló kún ibẹ̀. Ti àwọn ìlú àtijọ́ tí ẹni tó ṣèèṣì pààyàn lè sá wọ̀, tí àwọn tó ń lé e bọ̀ á dúró sẹ́yìn odi. Ti ilé ìjọsìn tí òrùka irin wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, tó jẹ́ pé kí ìka ìsáǹsá ṣáà ti kan òrùka náà, ó bọ́. Ti ihò inú òkè, ti erékùṣù, ti àbàtà tí wọ́n ti fòfin de ìbọn kí àwọn ẹyẹ lè rí ibi yé ẹyin sí. Àwọn ìwé yìí kì í sábà jáde kúrò nínú ilé, síbẹ̀ wọn kì í yéé ya. Ó pẹ́ kí Ìyá Gọ́ọ̀mù tó mọ ohun tó ń fà á. Àwọn tó ń kà wọ́n kò lè mú wọn délé ni. Inú kọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń kà wọ́n, wọ́n á di ìwé mú gírígírí bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà, títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi yọ.

Bó bá ń rán wọn, á máa kà wọ́n, bó bá sì ń kà wọ́n, inú á máa bí i. "Ẹ wò ó," á wí fún ìwé iwájú rẹ̀, "ẹ ya ilẹ̀kùn, ẹ ya odi, ẹ ya òrùka. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn dà? Àbí ilẹ̀kùn ló ń dìde ṣí ara rẹ̀? Gbogbo èrò tó sá wọlé yìí, ta ló ń se oúnjẹ wọn?" Á pòṣé, á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ gọ́ọ̀mù.

Ìyá Gọ́ọ̀mù ní àbúrò obìnrin kan, tí ìyá wọn bí gbẹ̀yìn. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pè é láti kékeré, Àbíkẹ́yìn náà ló ń jẹ́ títí dòní. Iṣẹ́ ìránṣọ ló kọ́. Tíṣà ìṣirò kan ló fẹ́, ọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí kì í pariwo. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: kì í pariwo. Bó bá ń bínú, ṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ pé irú ọkọ tí àwọn ń gbàdúrà fún ọmọ àwọn nìyẹn, torí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Wọn kò sì rí apá Àbíkẹ́yìn rí, torí aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ nínú oòrùn, nínú ooru.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó sá wálé, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, Bọ̀dá Àgbà, pe gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀ rẹ̀. "Ahọ́n àti ẹnu ń jà," ó ní. "Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́. Padà lọ, kó o lọ mú sùúrù." Àbíkẹ́yìn wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ìyá Gọ́ọ̀mù, Ìyá Gọ́ọ̀mù tẹrí ba, ó ń ṣí gọ́ọ̀mù kúrò lára èékánná. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ o! Ọ̀rọ̀ kún un dé ọ̀fun. Àmọ́ Bọ̀dá Àgbà ló tọ́ wọn lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ta ló fẹ́ já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Wọ́n mú Àbíkẹ́yìn padà fún ọkọ rẹ̀, tíṣà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ìgbà kejì, kò dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Àgbà mọ́. Yàrá kan ṣoṣo tí Ìyá Gọ́ọ̀mù ń dá gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló wá, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú báàgì kékeré kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kọ́ṣẹ́ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìlú òkèèrè, ó ní kí n máa bọ̀. Ọkọ̀ tó ń bá a kó aṣọ á gba ibí kọjá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣáà fi mí pamọ́ dọ́jọ́ Ẹtì."

"Tó bá rí ẹ kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?"

"Tó bá rí mi, n óò bá a lọ. Mi ò lágbára àtisá lẹ́ẹ̀kẹta."

Ìyá Gọ́ọ̀mù rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Tíṣà mọ yàrá òun. Lálẹ́, àwọn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ra, àmọ́ lọ́sàn-án tí òun bá wà níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Yàrá iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀gá ti pàṣẹ pé àlejò kò gbọdọ̀ wọbẹ̀ nítorí ọ̀bẹ àti irin, Ìyá Gọ́ọ̀mù kì í sì í rú òfin. Ó wá ku yàrá ìkàwé gbangba. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn nígbà tó rò ó débẹ̀. Èrò kún ibẹ̀, wọ́n sì kọ "Ẹ DÁKẸ́" gàdàgbà-gàdàgbà sára ògiri. Ta ló máa wá jà níbi tí ikọ́ pàápàá ti ń tijú? Lójú tirẹ̀, ẹni burúkú gbọ́dọ̀ pariwo kó tó ṣe burúkú. Ó ti pẹ́ jù nínú ilé yẹn, ó ti gbà pé ìdákẹ́jẹ́ àti àlàáfíà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn. Ẹ má bú u; bí ẹ̀yin náà bá jókòó síbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe rò.

Ó mú Àbíkẹ́yìn jókòó sí tábìlì tó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́, níbi tó ti lè máa yọjú wò ó láti ara gíláàsì kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn náà. Ó mú ìwé kan fún un láti orí pẹpẹ ibi ìsádi, kó má bàa dà bí ẹni tó wá sápamọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Àbíkẹ́yìn kàn ń wo ẹ̀yìn ìwé náà ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń kà á. Wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni pé èèyàn á kàn fọwọ́ kan òrùka yẹn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀?"

"Ohun tí ìwé wí nìyẹn."

"Kí ló wá ń dá wọn dúró? Irin lásán mà ni."

Ìyá Gọ́ọ̀mù jẹ búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ tán. "Mi ò mọ̀. Ohun tí mo ń bá wọn jà sí gan-an nìyẹn. Wọn ò kọ ọ́."

Àbíkẹ́yìn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti dé. Ó ní, "Ẹ tún wò ó, obìnrin tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn, tó ní báàgì ńlá, ó ti dorí ìwé rẹ̀ kodò láti àárọ̀. Kò sì mọ̀."

"Gbájú mọ́ tìẹ," Ìyá Gọ́ọ̀mù ní.

Ọjọ́bọ̀ ni tíṣà dé. Ó nu ẹsẹ̀ sí ẹní ẹnu ọ̀nà, ó kí akọ̀wé orí káńtà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó wọlé. Ìyá Gọ́ọ̀mù ń pa gọ́ọ̀mù sẹ́yìn ìwé kan lọ́wọ́. Nígbà tó máa gbójú sókè wo ara gíláàsì, ọkùnrin náà ti fa àga jáde jẹ́jẹ́, ó ti jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọmọ tí kò tètè lóye. Ohùn náà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà ní àga kejì kò gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ Àbíkẹ́yìn náà wà níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn la ẹnu. Ìyá Gọ́ọ̀mù rí i kedere pé ó fẹ́ ké. Ojú rẹ̀ wá lọ sókè, sára ògiri, síbi tí wọ́n kọ "Ẹ DÁKẸ́" sí, ó sì pa ẹnu dé.

Ìyá Gọ́ọ̀mù ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yéè! Ibo ni mo mú ọmọ ìyá mi wá yìí?

Àwọn méjèèjì ti dìde. Tíṣà gba ìwé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó pa á dé, ó gbé e sílẹ̀ dáadáa, ó sì ti àga méjèèjì padà sábẹ́ tábìlì láìjẹ́ kí wọ́n dún. Bàbá oníwèé ìròyìn gbójú sókè, ó rí bí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe di ọrùn ọwọ́ obìnrin náà mú, ó sì yí ojú padà sínú ìwé ìròyìn. Àwọn ọmọ iléèwé tó wà ní tábìlì kejì rí i, wọ́n tẹrí ba. Gbogbo orí ló tẹ̀ ba. Ìyá Gọ́ọ̀mù mọ irú ìtẹríba yẹn bí ẹni mowó. Òun gan-an ló ṣe é ní pálọ̀ Bọ̀dá Àgbà.

Ó jáde. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù ń kán tó-tó sílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi sí. Ó dínà fún wọn láàárín tábìlì.

"Ẹ fi í sílẹ̀." Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́, ohùn ilé ìkàwé.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta, ká má dí àwọn èèyàn lọ́wọ́."

Ẹ wo ọgbọ́n burúkú! Òfin onílé ló fi ń lé onílé. Ìyá Gọ́ọ̀mù kò yẹ̀ lọ́nà. Àbíkẹ́yìn kò sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," ó ní. "Ó ti tán."

"Ó ti tán" yẹn ló tú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá Gọ́ọ̀mù fẹ́ ké "Ẹ gbà mí o!" Ó fẹ́ pe orúkọ bàbá wọn tó ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ ti mọ̀, bí ẹnì kan bá wá mú ohun tí kò tíì gbẹ, òun ló bẹ́ jáde:

"Ó ń sinmi!"

Fèrèsé gbọ̀n. Sítáǹbù bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé orí káńtà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò wọ inú rẹ̀ rí.

"Mo ní ó ń sinmi! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ ti kán an lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, àwa la tún gbé e padà fún yín! Kò tíì gbẹ! Ẹnikẹ́ni ò ní mú un jáde níbí lónìí, àfi kí wọ́n gba orí mi kọjá!" Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tó kún fún gọ́ọ̀mù nù ún, gọ́ọ̀mù sì wá kún ojú rẹ̀.

Bàbá oníwèé ìròyìn ká ìwé rẹ̀ pọ̀, ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "ó pẹ́ tí mo ti ń wá síbí. Bí Ìyá bá ti ní ó ń sinmi, ó parí nìyẹn. Ẹ tú ọwọ́ yín."

Àga kan ha ilẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ iléèwé dìde, akọ̀wé jáde lẹ́yìn káńtà. Obìnrin oníbáàgì ńlá ti kúrò ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì náà sáyà.

"Ìyàwó mi ni!" tíṣà ní. Ohùn rẹ̀ lọ sókè. "Mo ní ìyàwó mi ni! Kí ló kàn yín?" Gbogbo ilé sì gbọ́ ọ wàyí, ohùn tí ẹnì kan kò gbọ́ rí.

Ọ̀gá ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Nígbà tí Ìyá Gọ́ọ̀mù rí i, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Kò tiẹ̀ dùn ún. Ọ̀gá wo gọ́ọ̀mù ilẹ̀, ó wo ojú Àbíkẹ́yìn, ó wo apá rẹ̀ tí aṣọ ti ká kúrò lára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò lára apá náà.

"Ọ̀gbẹ́ni," ó ní, "ohun tó bá wà lọ́wọ́ Ìyá, èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá wọn kì í gbà á. Ẹ bi gbogbo ilé. Ẹ máa lọ."

Tíṣà wo gbogbo àwọn tó dìde. Ó tú ọwọ́, ó tún kọ́là ṣe, ó jáde. Obìnrin oníbáàgì yẹ̀ fún un díẹ̀, níwọ̀n tí ara rẹ̀ á fi kọjá.

"Ìyá, ẹ mú un wọ yàrá yín," Ọ̀gá ní.

"Òfin àlejò ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Òfin wo? Ẹ wá nu gọ́ọ̀mù yìí kí ẹnì kan tó yọ̀ ṣubú."

Láàárín àwọn ìwé ni Àbíkẹ́yìn wà títí ọjọ́ Ẹtì fi dé. Kò lè jókòó lásán, ó gba abẹ́rẹ́, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán ẹ̀yìn ìwé. Ìránṣọ rẹ̀ dán ju ti Ìyá Gọ́ọ̀mù lọ, Ìyá Gọ́ọ̀mù sì ní kó má jẹ́ kí Ọ̀gá rí i o, kí wọ́n má bàa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọkọ̀ aláṣọ wá dúró sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún, ó sì lọ.

Bọ̀dá Àgbà pè lórí fóònù ní ọjọ́ kejì. "Ọkọ Àbíkẹ́yìn ti wá bá mi. Ó ní o pariwo lé òun lórí láwùjọ. Níbo ni Àbíkẹ́yìn wà?"

"Bọ̀dá mi, lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o," Ìyá Gọ́ọ̀mù ní, òótọ́ sì ni, ó ti kúnlẹ̀ nínú yàrá níbi tí ẹnì kan kò ti rí i. "Mi ò ní sọ ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n sọ ní pálọ̀ yín lọ́jọ́sí, mo gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí." Ó sọ ọ́, láti orí apá dé ẹ̀yìn, ohun tí Àbíkẹ́yìn fi hàn án nígbà tó ń wẹ̀.

Ohùn Bọ̀dá Àgbà ti yàtọ̀. "Kí ló dé tí kò fi hàn wá?"

"Ẹ ò ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, Bọ̀dá mi. Èmi náà ò ní kó ká a."

Nígbà tí ilé ìkàwé tún ṣí, Ìyá Gọ́ọ̀mù mú ìwé tí Àbíkẹ́yìn kà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ, bí ti àwọn yòókù. Ó tú u palẹ̀, ó dé ojú ewé tí wọ́n ya òrùka irin sí, ó wò ó. Kò bá a jà lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, tó kàn án jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Obìnrin oníbáàgì ńlá ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò sì padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ ń tún ìwé ṣe?"

Ìyá Gọ́ọ̀mù wo ọwọ́ obìnrin náà. Kò mú ìwé kankan dání. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu.

"Èmi ni, ọmọ mi," ó ní. "Wọlé. Ṣé o ti jẹun?"